Oúnjẹ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wá: bẹ́ ẹ ṣe lè máa wo ẹyẹ òkun, dọ́fìnì àti àbùùbùtán láti Èkó dé Lomé

Ọ̀pọ̀ wa la máa ń lọ sí bíìṣì, ì báà jẹ́ l'Ékòó, ní Badagry, ní Kútọnù tàbí ní Lomé, a ó jókòó, a ó jẹ súyà, a ó ya fọ́tò, ilẹ̀ á ṣú, a ó gba ilé lọ, láìmọ̀ pé lóṣù kẹsàn-án, àbùùbùtán tó gùn tó dáńfó mẹ́ta tí wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn lè máa kọjá níwájú wa, kìlómítà mélòó kan péré sí ibi tá a tẹ́ ẹní sí. Ẹyẹ tó sì ń fò lórí wa, tá a kàn ń pè ní ẹyẹ funfun lásán, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé erékùṣù kan ní Ireland ni ìyá ẹ̀ ti yé ẹyin ẹ̀.

Ó máa ń ká mi lára gan-an pé àwa tá à ń gbé létí òkun yìí, ohun tá a mọ̀ nípa ẹ̀ kéré jù, torí náà mo fẹ́ ṣàlàyé bẹ́ ẹ ṣe lè bẹ̀rẹ̀. Kò gba owó ńlá, kò sì dìgbà tẹ́ ẹ bá kàwé nípa ẹranko. Ohun tó ṣe pàtàkì jù ni pé kẹ́ ẹ má wá ẹyẹ o, oúnjẹ tí ẹyẹ ń jẹ ni kẹ́ ẹ wá. Tẹ́ ẹ bá ti mọ ibi tí ẹja wà, ẹyẹ àti dọ́fìnì á wá bá yín níbẹ̀. Àbùùbùtán nìkan ni òfin yìí ò bá mu lọ́dọ̀ wa, màá sọ ìdí ẹ̀ tá a bá débẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ mọ omi

Lójú lásán, gbogbo òkun jọ ara wọn, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ibì kan wà tẹ́ ẹ lè fi ọkọ̀ rìn fún wákàtí mẹ́ta tẹ́ ẹ ò ní rí ẹyẹ kan, ibòmíì sì wà tí gbogbo wọn máa ń pé jọ sí. Omi ló fà á. Láàárín oṣù keje sí oṣù kẹsàn-án, omi tútù láti ìsàlẹ̀ òkun máa ń gòkè wá sójú omi létíkun Côte d'Ivoire àti Gánà, ó máa ń dé Togo àti Benin náà, tó bá fi máa dé ọ̀dọ̀ wa l'Ékòó agbára ẹ̀ ti dín kù. Ó tún máa ń wáyé lẹ́ẹ̀kejì, èyí tí kì í pẹ́ tó ti àkọ́kọ́, ní nǹkan bí oṣù kìíní sí oṣù kejì. Ní Gánà, omi tó ti wà ní 28 tàbí 29 dígírì tẹ́lẹ̀ lè já wálẹ̀ sí abẹ́ 25. Omi ìsàlẹ̀ yẹn ló máa ń gbé ohun tó ń mú nǹkan hù wá sókè, oòrùn á kàn án, àwọn ewéko kéékèèké tí ojú ò lè rí á hù nínú ẹ̀, àwọn kòkòrò omi á jẹ wọ́n, ṣáwá á jẹ kòkòrò omi, ẹyẹ àti dọ́fìnì á jẹ ṣáwá, àwa náà á sì ra èyí tó kù lọ́jà.

Ará Èkó mọ August break dáadáa, ìgbà tí òjò máa ń dáwọ́ dúró díẹ̀ láàárín ìgbà òjò. Omi tútù yìí wà lára ohun tó ń fà á, torí tí ojú òkun bá ti tutù, afẹ́fẹ́ tó ń gba orí ẹ̀ kọjá kì í lè gbé omi òjò tó bó ṣe máa ń gbé e tẹ́lẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ti rí i pé ojú ọ̀run ṣú lóṣù kẹjọ ṣùgbọ́n kò rọ̀, tí afẹ́fẹ́ etí òkun ń tutù sí yín lára, ẹ tètè gbé bìnókúlà yín jáde.

Ẹ lè ti ilé yẹ omi wò kẹ́ ẹ tó wọkọ̀. Íntánẹ́ẹ̀tì ni NASA Worldview wà, níbi tẹ́ ẹ ti lè rí àwòrán òkun tí satẹ́láìtì yà, ọ̀fẹ́ ni, orí fóònù náà ló ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ yan èyí tó ń fi bí ojú òkun ṣe gbóná tó hàn, ẹ tún yan èyí tó ń fi ewéko inú omi hàn, tí wọ́n ń pè ní chlorophyll, kẹ́ ẹ wá fa máàpù náà wá sí etíkun wa láti Cape Three Points ní Gánà títí dé Lekki. Ibi tí omi tútù àti omi gbígbóná ti pàdé ni kẹ́ ẹ wò dáadáa, àárín omi tútù fúnra ẹ̀ kọ́, ojú ààlà yẹn ni ẹja máa ń pọ̀ sí jù. Nígbà òjò ẹ ó rí ibi tí kò ní àwọ̀ kankan, ìkùukùu ló bò ó, kì í ṣe fóònù yín ló bàjẹ́, ẹ padà síbẹ̀ lọ́jọ́ kejì tàbí kẹ́ ẹ wo ti ọjọ́ tó ṣáájú.

Ohun tí Èkó ní, tí wọn kì í sábà sọ̀rọ̀ ẹ̀, ni ẹnu ọ̀nà tí ọkọ̀ òkun ń gbà wọlé, láàárín East Mole àti West Mole, ìyẹn ògiri òkúta méjì tó wọ inú òkun lọ. Omi ọ̀sà tó pọ̀ gan-an ló ń gba ibẹ̀ jáde. Tí omi bá ń fà, omi ọ̀sà tó ní ẹrẹ̀ á máa tú jáde, á lọ pàdé omi òkun tó mọ́, ẹ ó sì rí ìlà gbọọrọ kan lójú omi níbi tí wọ́n ti pàdé, tí ìfòfó, òṣíbàtà, igi àti nylon tò sí. Àwọn ẹja kéékèèké máa ń sá sábẹ́ ìlà yẹn, àwọn tó ń jẹ wọ́n á sì tẹ̀ lé wọn débẹ̀. Ẹ wa áàpù tó ń sọ ìgbà tí omi máa kún àti ìgbà tó máa fà l'Ékòó, kẹ́ ẹ débẹ̀ nígbà tí omi bá ti ń fà lọ dáadáa. Apá Tarkwa Bay àti Lighthouse Beach lẹ ti lè rí i. Tí mo bá ní wákàtí méjì péré l'Ékòó, ibẹ̀ ni màá lò ó, mi ò ní lọ síbòmíì.

Ibi tẹ́ ẹ máa dúró sí

Gíga ṣe pàtàkì ju bí bìnókúlà ṣe wọ́n tó lọ. Ẹni tó dúró lórí iyanrìn, tí ojú ẹ̀ wà ní bíi mítà 1.7 sí omi, ibi tí ojú ẹ̀ lè dé kó tó di pé òkun àti ọ̀run pàdé ò ju nǹkan bíi kìlómítà 4 àti ààbọ̀ lọ. Tẹ́ ẹ bá gun ibi tó ga tó mítà 10, bí òkè ilé alájà mẹ́ta, ó ti di kìlómítà 11. Tó bá jẹ́ mítà 30, ó ti sún mọ́ 20. Torí náà tẹ́ ẹ bá mọ ẹni tó ń gbé nílé gíga tó kọjú sí òkun, ní Victoria Island tàbí ní Lekki, ẹ bẹ̀ ẹ́ dáadáa, kẹ́ ẹ mú nǹkan dání lọ kí i, kó jẹ́ kẹ́ ẹ jókòó sí balikoni ẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan.

Etíkun wa kọjú sí gúúsù. Láàárọ̀, oòrùn wà lápá òsì yín, torí náà apá ọ̀tún ni kẹ́ ẹ máa wò, tó bá di ìrọ̀lẹ́ kẹ́ ẹ yí i padà. Aago mẹ́fà ààbọ̀ sí aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ló dára jù, afẹ́fẹ́ ò tíì le, ojú omi ṣì tẹ́. Tó bá ti di ọ̀sán tí ìgbì bẹ̀rẹ̀ sí í funfun lórí, èémí àbùùbùtán àti ìfòfó ìgbì á jọ ara wọn lójú yín, ojú á sì máa ro yín. Nígbà ọyẹ́ náà, ní oṣù kejìlá sí oṣù kejì, eruku lè bo gbogbo òkun débi pé ẹ ò ní rí kìlómítà méjì.

Ní ti bìnókúlà, èyí tí wọ́n kọ 8x42 sí lára ti tó, tokunbo náà dára tí gíláàsì ẹ̀ ò bá ní ìdọ̀tí nínú. Ẹ mú fìlà, omi mímu, bírò àti ìwé kékeré kan dání. Ẹ má dá lọ, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọdé wọ omi nígbà tẹ́ ẹ bá ń wo ẹyẹ, omi tó ń fa èèyàn lọ sínú òkun pọ̀ ní gbogbo etíkun wa yìí.

Bẹ́ ẹ ṣe máa wò ó nìyí: ẹ gbé bìnókúlà sójú, ẹ fi sí ibi tí òkun àti ọ̀run ti pàdé, ẹ wá máa yí i díẹ̀díẹ̀ láti apá kan dé ìkejì, ẹ má sáré. Ẹ gbé e kúrò lójú, ẹ fojú lásán wo gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kẹ́ ẹ tún bẹ̀rẹ̀. Ojú lásán ló máa ń kọ́kọ́ rí ibi tí ẹyẹ pọ̀ sí.

Ohun tí ẹyẹ ń sọ fún yín

Ẹyẹ tó bá ń fò lọ tààrà, tí kò wo ìsàlẹ̀, ìrìnàjò ló wà. Èyí tó ń lọ tó ń bọ̀, tó dorí kodò, oúnjẹ ló ń wá. Ṣùgbọ́n tí ẹyẹ kan bá já sómi, tí òmíràn já tẹ̀lé e, tẹ́ ẹ sì wá rí àwọn tó wà lọ́nà jíjìn tí wọ́n yíjú padà tí wọ́n ń sáré bọ̀, a jẹ́ pé ẹja ti dé ojú omi níbẹ̀ nìyẹn. Ẹyẹ òkun máa ń ṣọ́ ara wọn. Ọ̀pọ̀ ìgbà, ẹja ńlá bíi tuna tàbí kútà, tàbí dọ́fìnì, ló ń lé àwọn ẹja kéékèèké bọ̀ lókè láti ìsàlẹ̀, ẹyẹ wá ń dá wọn lọ́nà lókè, torí náà ẹ má kàn wo ẹyẹ nìkan, ẹ máa ṣọ́ omi abẹ́ wọn.

Tern lẹ ó rí jù. Kò tó lékèélékèé, ìyẹ́ ẹ̀ gùn ó sì ṣẹ́ṣó, ìrù ẹ̀ là sí méjì. Ẹ mú ọ̀kan ṣoṣo, ẹ tẹ̀ lé e fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Á dúró sójú kan lófuurufú, ìyẹ́ á máa gbọ̀n pìpìpì, ara á máa mì, ṣùgbọ́n orí ò ní mì rárá, ojú ẹ̀ wà nínú omi. Lójijì á pa ìyẹ́ mọ́ra, á já wálẹ̀ ṣòòròṣò, omi á ta sókè, ká tó ṣẹ́jú ó ti jáde, á gbọn omi kúrò lára lẹ́ẹ̀kan bó ṣe ń fò, tó bá rí i mú, ẹ ó rí ẹja fàdákà kan tó dábùú ẹnu ẹ̀, á jù ú sókè díẹ̀ kí orí ẹja lè ṣáájú, á sì gbé e mì. Ẹ ka iye ìgbà tó já, ẹ ka iye ìgbà tó mú nǹkan jáde. Tó bá já lẹ́ẹ̀mẹ́wàá tó mú mẹ́fà, oúnjẹ pọ̀ níbẹ̀, tó bá já lẹ́ẹ̀mẹ́wàá tó mú ọ̀kan, ebi ń bẹ. Nọ́mbà kékeré yẹn ń sọ̀rọ̀ gan-an, ó sì yà mí lẹ́nu pé èèyàn díẹ̀ ló máa ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Tern tí ẹnu ẹ̀ dúdú tí ṣóńṣó ẹnu ẹ̀ wá pọ́n bí ìyẹ̀fun àgbàdo, Sandwich tern nìyẹn, Yúróòpù ló ti ń wá. Èyí tó tóbi jù, tí ẹnu ẹ̀ ní àwọ̀ ọsàn, ará Áfíríkà ni, etíkun àti erékùṣù apá Mauritania, Senegal àti Gambia ló ti ń pamọ, lẹ́yìn náà ló máa ń ṣí wá sọ́dọ̀ wa. Black tern kéré, ara ẹ̀ ṣú díẹ̀, òun kì í sábà já sínú omi, ó kàn máa ń bẹ̀rẹ̀ mọ́ ojú omi, á ṣa nǹkan níbẹ̀, á gbéra. Roseate tern funfun ju gbogbo wọn lọ, ìrù ẹ̀ gùn, òun ni mo sọ pé Ireland ló ti ń wá: erékùṣù Rockabill, lẹ́bàá Dublin, ló ní èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ní Yúróòpù, Gánà sì ni ibùdó wọn gbòógì tí òtútù bá dé lọ́hùn-ún. Àwọn ará Yúróòpù yìí máa ń dé láti oṣù kẹsàn-án tàbí kẹwàá, wọ́n á sì padà ní nǹkan bí oṣù kẹta sí kẹrin. Ní nǹkan bí 40 ọdún sẹ́yìn, wọ́n rí i pé àwọn ọmọdé etí òkun ní Gánà ń fi okùn mú wọn gan-an, débi pé wọ́n ní láti bẹ̀rẹ̀ ètò láti kọ́ àwọn ọmọ náà nípa ẹyẹ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Britain, ẹ lè wo apá kejì ìtàn yìí. Coquet Island ní Northumberland ni roseate tern ti ń pamọ lọ́dọ̀ yín, lóṣù kẹfà. Níbẹ̀ ẹ ó rí i pé ẹyẹ tó mú ẹja kì í gbé e mì, á gbé e sẹ́nu, á sáré lọ sílé, torí ọmọ ń dúró. Ẹyẹ òkun ńlá tí wọ́n ń pè ní gannet, èyí tó wà ní Bass Rock ní Scotland, tí ibẹ̀ jẹ́ ọ̀kan lára ibùdó wọn tó tóbi jù láyé, lè rin ọgọ́rọ̀ọ̀rún kìlómítà lọ wá oúnjẹ fún ọmọ kan ṣoṣo, kó tó padà. Ilé ló so ó mọ́lẹ̀. Ẹyẹ tó wà lọ́dọ̀ wa ní oṣù kejìlá kò ní ìtẹ́, kò ní ọmọ, ibi tí ẹja bá lọ ló ń bá a lọ, ìdí nìyí tí bíìṣì kan fi lè kún fún ẹyẹ lónìí kó sì ṣófo lọ́la. Ẹ má jẹ́ kó sú yín.

Ẹyẹ aláwọ̀ ilẹ̀ kan tún wà tó ń jẹ́ skua. Kì í sábà pẹja fúnra ẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Á wá tern tó ti mú ẹja, á lé e kiri lófuurufú, ọ̀tún, òsì, òkè, ìsàlẹ̀, títí tern á fi ju ẹja náà sílẹ̀, skua á gbá a mú kó tó bọ́ sómi. Níbi tẹ́ ẹ bá ti rí skua, ẹ mọ̀ pé tern ń rí oúnjẹ jẹ níbẹ̀.

Nǹkan kan wà tó máa ń ṣini lọ́nà: ọkọ̀ ńlá tó ń fi àwọ̀n fa ẹja. Ẹyẹ máa ń tẹ̀ lé e gan-an torí ẹja tí wọ́n ń dà nù. Tẹ́ ẹ bá rí 200 ẹyẹ lẹ́yìn ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ kọ ọ́, ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ kọ ọkọ̀ náà mọ́ ọn, torí ọkọ̀ ló kó wọn jọ, omi ibẹ̀ kọ́.

Ẹ lọ bá àwọn apẹja

Ẹni tó ń lọ sórí òkun lójoojúmọ́ mọ̀ ju satẹ́láìtì lọ. Láti Badagry lọ sí Grand-Popo, wọ́n ṣì ń fa àwọ̀n láti orí iyanrìn, ogún èèyàn tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí okùn kan, lápá Lekki àti Ìlàjẹ ọkọ̀ ló pọ̀ jù. Ẹ má lọ fi ìbéèrè dí wọn lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n bá ń kó ẹja jáde. Ẹ kí wọn, ẹ bá wọn fa okùn tí wọ́n bá gbà, ẹ ra ẹja díẹ̀, ìgbà yẹn lẹ tó lè sọ pé, "Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́ sà, apá ibo lẹ ti rí ẹyẹ tó pọ̀ láàárọ̀ yìí?" Bàbá á ní, "Ọmọ mi, wọ́n wà lọ́hùn-ún, níwájú àwọn ọkọ̀ epo yẹn, ṣáwá ti dé." Ẹ bi wọ́n léèrè bí omi ṣe jìn níbẹ̀ tó, bóyá ó tutù, bóyá wọ́n rí dọ́fìnì, lóṣù wo ni wọ́n sì máa ń rí àbùùbùtán. Tó bá jẹ́ Ẹ̀gùn tàbí ará Gánà ni wọ́n, ẹ mú ẹni tó gbọ́ èdè wọn dání. Ẹ má sọ ọ̀rọ̀ ìjọba tàbí òfin àwọ̀n fún wọn lọ́jọ́ àkọ́kọ́, wọ́n á rò pé ẹ wá mú wọn ni.

Àwọn náà ló máa kọ́kọ́ sọ fún yín nípa dọ́fìnì kan tó ṣọ̀wọ́n gan-an. Etíkun Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà nìkan ló wà láyé, láti Western Sahara dé Angola, orúkọ ẹ̀ ní sáyẹ́ǹsì ni Sousa teuszii. Láti 2017 ni IUCN, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ìdáàbòbò àwọn ohun alààyè, ti kà á mọ́ àwọn ẹranko tó ti fẹ́ parun pátápátá, wọ́n sì rò pé gbogbo èyí tó kù ò tó 3,000. Àwọ̀n apẹja ló ń pa á jù, torí kì í lọ jìnnà: omi tí kò jìn ju mítà 20 ló fẹ́ràn, ó sì lè wà lẹ́yìn ibi tí ìgbì ti ń fọ́ gan-an, níbi tẹ́ ẹ ti lè rí i láti orí iyanrìn láìsí bìnókúlà. Bẹ́ ẹ ṣe máa dá a mọ̀ ni pé iké kan wà lẹ́yìn ẹ̀, lẹbẹ kékeré sì wà lórí iké náà. Dọ́fìnì tó wọ́pọ̀ ò ní iké, lẹbẹ tiẹ̀ ga ó sì tẹ̀ sẹ́yìn. Tẹ́ ẹ bá rí oníké, ẹ ya lẹbẹ ẹ̀ ní fọ́tò, ọ̀tún àti òsì, kódà tí fọ́tò náà ò bá dára. Nínú gbogbo ohun tẹ́ ẹ lè rí létíkun yìí, mi ò mọ èyí tó ṣe iyebíye ju òun lọ.

Àbùùbùtán: òun ò wá jẹun

Èyí tó ń wá sọ́dọ̀ wa ni wọ́n ń pè ní humpback. Omi yìnyín Antarctica ló ti ń jẹun, níbi tó ti ń gbé ju tọ́ọ̀nù kan edé kéékèèké tó ń jẹ́ krill mì lójúmọ́, tí ìgbà òtútù bá wá dé lọ́hùn-ún, á gbéra, á rin ohun tó ju 6,000 kìlómítà lọ wá sí omi gbígbóná wa, láti wá bímọ àti láti wá gùn. Ní gbogbo ìgbà tó bá fi wà níbí, kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ nǹkan kan, ọ̀rá ara ẹ̀ ló ń jẹ, ìyá sì ń fún ọmọ lọ́mú látinú ọ̀rá yẹn. Ìdí nìyẹn tí ẹyẹ àti ṣáwá ò fi lè júwe àbùùbùtán fún yín. Omi tí kò jìn, tó gbóná, tí ìgbì ò le jù ni kẹ́ ẹ wò fún un, àti oṣù: oṣù kẹjọ sí kọkànlá, oṣù kẹsàn-án àti kẹwàá ló dára jù. Ìyá tó ní ọmọ máa ń sún mọ́ etí omi ju àwọn yòókù lọ.

Ẹ má wá ẹja ńlá, èémí ni kẹ́ ẹ wá. Tó bá mí, ìkùukùu funfun kan á yọ lójú omi, bíi mítà mẹ́ta sókè, á dúró díẹ̀, afẹ́fẹ́ á gbá a lọ. Tẹ́ ẹ bá rí i lẹ́ẹ̀kan, ẹ má gbé ojú kúrò níbẹ̀, ẹ fi kọ́ńpáàsì fóònù mọ apá ibi tó wà, torí ó máa ń mí lẹ́ẹ̀mẹ́ta tàbí mẹ́rin léra wọn kó tó wọ ìsàlẹ̀. Tó bá fẹ́ wọlé jinlẹ̀, ẹ̀yìn á tẹ̀ kọrọdọ, ìrù á gòkè wá díẹ̀díẹ̀, omi á máa ṣàn kúrò lára ẹ̀, ẹ ó rí abẹ́ ìrù náà, dúdú àti funfun, á sì wọlé láìta omi sókè. Ẹ wo aago. Àgbà lè pẹ́ ní ìṣẹ́jú 5 sí 15 kó tó jáde, ọmọ kì í lè pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, torí náà tẹ́ ẹ bá rí èémí kékeré tó ń yọ léraléra lójú kan, ọmọ ni, ìyá wà nísàlẹ̀ ẹ̀. Nígbà míì wọ́n á fò sókè kúrò nínú omi pátápátá. Ìró ẹ̀ máa ń dé etí yín lẹ́yìn tí ojú ti rí i.

Àwòrán abẹ́ ìrù yẹn, kò sí méjì tó jọra. Tẹ́ ẹ bá ya á dáadáa, ẹ fi sí Happywhale lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n á fi wé àwọn tó wà níbẹ̀ bóyá ẹlòmíì ti rí i rí níbòmíì. Àwọn èèyàn pa àbùùbùtán wa nípakúpa láyé àtijọ́, ní Cape Lopez ní Gabon àwọn ará Norway dá ibi ìpẹran sílẹ̀ ní 1912. Láti 1963 ni wọ́n ti fòfin de pípa humpback ní gbogbo ìhà gúúsù ayé, wọ́n sì ti ń pọ̀ padà. Ìyẹn máa ń dùn mọ́ mi nínú gan-an.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ sún mọ́ wọn, ọkọ̀ wà ní Kútọnù tó máa ń gbé èèyàn lọ wò wọ́n lásìkò. Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ bi ọlọ́kọ̀ bóyá láìfù jákẹ́ẹ̀tì wà fún gbogbo èèyàn, kẹ́ ẹ fojú rí i, kẹ́ ẹ wọ̀ ọ́ kí ọkọ̀ tó kọjá ibi tí ìgbì ti ń fọ́. Lórí omi, ẹ má jẹ́ kí ọlọ́kọ̀ lé wọn. Mítà 100 ló yẹ kó fi jìnnà sí wọn, tí ọmọ bá wà kó sún sẹ́yìn ju bẹ́ẹ̀ lọ, kó gba ẹ̀gbẹ́, kó má gba iwájú, kó má sì dúró sáàárín ìyá àti ọmọ. Tí ìyá bá ń yí padà léraléra tàbí tó ń na ìrù mọ́ omi, ẹ ní kó dẹwọ́ ẹ́ńjìnì, kẹ́ ẹ máa lọ. Ìyá yẹn ò jẹun láti oṣù mélòó kan, ẹ má jẹ́ kó fi okun tó kù sá fún yín.

Tẹ́ ẹ bá rí òkú, àti bẹ́ ẹ ṣe máa kọ ọ́ sílẹ̀

Àbùùbùtán tàbí dọ́fìnì tó kú sí etí òkun, ẹ má gé ẹran ẹ̀, ẹ má jẹ ẹ́, ẹ má fọwọ́ lásán kàn án, àìsàn lè wà lára ẹ̀. Ẹ ya gbogbo ara ẹ̀ ní fọ́tò láti ẹ̀gbẹ́, orí, lẹbẹ, ìrù, kẹ́ ẹ gbé nǹkan tí a mọ gígùn ẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, kẹ́ ẹ wò ó bóyá ojú àwọ̀n wà lára ẹ̀. Ní Nàìjíríà, ẹ fi tó NIOMR létí, iléeṣẹ́ ìwádìí òkun tó wà ní Victoria Island. Tó bá jẹ́ ẹyẹ ló kú, ẹ wo ẹsẹ̀ ẹ̀: tí òrùka irin wà níbẹ̀, ẹ ka lẹ́tà àti nọ́mbà orí ẹ̀ pátá, ẹ ya á ní fọ́tò, kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ lórí sáìtì EURING, àjọ tó ń bójú tó òrùka ẹsẹ̀ ẹyẹ ní Yúróòpù, wọ́n á sọ ibi tí wọ́n ti fi òrùka náà sí i lẹ́sẹ̀ fún yín. Ẹyẹ tó wà láàyè tó ní òrùka, ẹ má mú un o, ẹ fi bìnókúlà kà á.

Ní ti ẹyẹ tẹ́ ẹ rí, orí eBird ni kẹ́ ẹ kọ ọ́ sí, áàpù tí àwọn èèyàn ń kọ ẹyẹ tí wọ́n rí sí, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ kọ aago tẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ àti aago tẹ́ ẹ parí, ibi tẹ́ ẹ dúró sí, bí afẹ́fẹ́ ṣe rí, bóyá omi ń kún tàbí ó ń fà, kẹ́ ẹ sì kọ ohun tí ẹyẹ ń ṣe: ó ń kọjá ni, ó ń sinmi lórí iyanrìn ni, tàbí ó ń jẹun. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá jókòó fún wákàtí méjì tẹ́ ẹ ò rí tern kan, ẹ kọ ìyẹn náà. Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í kọ ọ́, wọ́n rò pé ọjọ́ ṣófo ni, bẹ́ẹ̀ ẹni tó fẹ́ ya máàpù ibi tí àwọn ẹranko yìí ń gbé nílò ibi tí wọn ò sí bó ṣe nílò ibi tí wọ́n wà. Tí eBird bá bi yín bóyá gbogbo ẹyẹ tẹ́ ẹ dá mọ̀ lẹ kọ síbẹ̀, ẹ dáhùn bẹ́ẹ̀ ni tó bá jẹ́ òótọ́, torí ìdáhùn yẹn ló ń jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ẹyẹ tẹ́ ẹ ò kọ, ẹ ò rí i ni. Látorí Badagry títí dé etíkun Ìlàjẹ, ibi tí ẹnikẹ́ni ò tíì kọ nǹkan kan nípa ẹ̀ ṣì pọ̀ gan-an, ẹ yan ọ̀kan tó sún mọ́ ilé yín, kẹ́ ẹ máa lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lóṣù.